Ọ̀gá Mi Oníjìtá Tó Ń Gbé Inú Fóònù

Fante New Town,
Kùmásì.

Ìmísí, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ọ kú ìfaradà gbogbo ará Accra tí ẹ jọ ń fún ara yín mọ́ inú ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó jí ọ lónìí kò ní gbàgbé láti jí ọ lọ́la. Jíjẹ àti mímu kò ní wọ́n ọ, ẹni tó bá sì ń wá ìṣubú rẹ níbi iṣẹ́ yín, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pọ̀ débi tí kò ní ráyè tìrẹ. Èmi bàbá rẹ wà láàyè, ó kàn rẹ̀ mí ni. Mùnírà tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ní kí n sọ ọ̀rọ̀ mi sínú fóònù kí òun bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ, mo ní rárá, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹni tó wà nínú fóònù gbọ́ ọ, nítorí ọ̀gá mi ni. Awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Accra ni mo fi ìwé yìí rán, fún un lómi mu.

Màmá rẹ ń kí ọ. Láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ti ní ká máa gbé e bọ̀ wá sílé, oorun ti di ọ̀wọ́n nílé yìí. Inú egungun ni àìsàn náà fi ṣe ilé. Oògùn tí wọ́n fún un kàn ń mú ẹnu rẹ̀ gbẹ ni, kì í jẹ́ kó sùn, bí kò bá sì sùn, ta ló fẹ́ sùn? Mo gbé e yí sí ọ̀tún, mo gbé e yí sí òsì, mo fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́. Ojú mi ti pọ́n bí ojú ẹni tó ń fi iná jó irin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Mùnírà gba fóònù tí o rà fún màmá rẹ, ó ní òun fẹ́ wá ìró òjò sí i, pé ó máa ń mú oorun wá. Òjò náà sì rọ̀ nínú fóònù lóòótọ́, mo tiẹ̀ ti sáré jáde lọ ká aṣọ wa tó wà lórí okùn. Nígbà tí òjò dá, ọkùnrin kan yọ fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó pè é, ó jókòó sí etí òkun, kò wọ bàtà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó bí èyí tí wọ́n fi aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa rán, ó gbé jìtá lé itan. Mùnírà ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, ó ní Hawaii ni wọ́n ń pe ìlú wọn, pé erékùṣù ni. Ìmísí, kí ọkùnrin yìí tó ta jìtá náà tán, màmá rẹ ti ń hanrun. Nígbà tó jí, ó ní ká pe ọkùnrin yẹn padà, dátà ti tán. Mo wò ó, mo ní oorun ìyàwó mi kò lè máa wà lọ́wọ́ dátà. Mo gbọn eruku kúrò lára jìtá tí o fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní èmi fúnra mi ni n ó kọ́ ọ.

Ìwọ náà mọ̀ pé ní Suame Magazine, ọgbà àwa fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí mo ti lo ayé mi, ẹnìkan kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sì sọ pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun tẹ ibi pupa kan, kó tún tẹ agogo. Mùnírà bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú obì, mo gbé e síwájú fóònù, Kwabena ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣe fítà sì ṣe onídùúró fún mi. Mo lè bí ọ̀gá mi lọ́mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í bèèrè ọjọ́ orí. Mo máa ń gbálẹ̀ iwájú fóònù kí wọ́n tó dé láàárọ̀, nítorí ọmọ iṣẹ́ ló yẹ kó ṣáájú ọ̀gá dé ṣọ́ọ̀bù.

Bí ọ̀gá mi bá fẹ́ kí wa, wọ́n á ká ìka àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra, wọ́n á na àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan. Mo ní áà, irin ti jẹ ọ̀gá mi lọ́wọ́, ìwọ náà mọ àwọn tí ẹ̀rọ ti gé ìka wọn ní Magazine. Mo gbàdúrà fún wọn gidigidi. Bí wọ́n ṣe gbé ọwọ́ lé okùn, gbogbo ìka yọ pé pérépéré, mo bá bú sí orin ọpẹ́. Mùnírà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíra nìyẹn. Mo ní kò burú, ọpẹ́ kì í pọ̀ jù.

Ẹni tó ń bí mi nínú ni obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ. Ibi tí ẹ̀kọ́ bá ti le jù ló ti máa ń já wọlé, kò ní kí “ẹ kú iṣẹ́,” ariwo ọṣẹ ni. Mùnírà ní kí n tẹ ibì kan kó lè kọjá lọ, mo ní èmi kì í lé àlejò ọ̀gá mi jáde, mo kàn sọ fún un pé a ò ra ọṣẹ lónìí. Ìgbà mìíràn, òrùka kékeré kan á máa yí lójú fóònù, ọ̀gá mi á dúró gbagidi, wọ́n á lanu sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Èmi náà á gbé jìtá sílẹ̀, a ó jọ sinmi.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, wọ́n ní kí n dẹ okùn. Gbogbo ayé mi, ohun tó bá ti dẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá fún mi pé kí n dì, ẹnìkan kò gbé ohun tó le wá rí pé kí n dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dẹ àwọn tí wọ́n ní kí n dẹ̀, tí mo fa gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan láìtẹ ibì kankan, ìró kan jáde tó tutù, màmá rẹ sì mí kanlẹ̀ lórí ibùsùn. Àtàǹpàkò ló ń rìn jẹ́jẹ́ nísàlẹ̀, àwọn ìka yòókù ni wọ́n ń kọrin lókè. Ní báyìí, bí mo bá ta á, ó máa ń sùn. Bí mo bá dúró, ojú rẹ̀ á là, nítorí náà mi ò kí ń dúró títí ọwọ́ mi á fi kú.

Kwabena gbọ́, ó ní kí n wá ta á lọ́jọ́ tí wọ́n máa kó ọmọ-ọmọ òun jáde, tí wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ. Mo kọ̀, mo ní mi ò tíì gba fíríìdọ̀mù. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ará ìta kí ọ̀gá rẹ̀ tó gbàdúrà lé e lórí pé ó ti mọṣẹ́, olè ni. Kwabena bínú, ó ní àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alata yìí, òfin wa ti pọ̀ jù. Mo ní kí Mùnírà kọ̀wé sí ọ̀gá mi kí wọ́n dá ọjọ́ fíríìdọ̀mù fún mi, àwòrán ọwọ́ tó ká ìka mẹ́ta ni wọ́n fi dáhùn, wọn ò dá ọjọ́ kankan.

Gbogbo rẹ̀ ni màmá rẹ ń gbọ́. Òun tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ aránṣọ ní fíríìdọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Dichemso, tí Ràhmát àti Afia nínú wọn ṣì ń wá kí títí dòní. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní kí n gbé òun jókòó, kí n bá òun wé gèlè, kí n bu omi sínú abọ́ wá, kí n sì kúnlẹ̀. Mo ní kí ló dé, èmi ọkọ rẹ̀? Ó ní ọ̀gá mi jìnnà, òun lòun ń gbọ́ àṣìta mi láti ọjọ́ kìíní, òun ló mọ̀ bóyá mo mọṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, Ìmísí, orúnkún mi dún. Ó ti ọwọ́ bọ omi, ó fi ra àwọn ìka mi, ó gba àdúrà tó máa ń gbà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, pé ibi tí mo bá ti fi ọwọ́ yìí ṣiṣẹ́, wọn ò ní ní kí n padà lọ kọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Mo ń ṣe àmín, mo rò pé nítorí Kwabena ló ṣe ṣe é, mo ti fẹ́ dúpẹ́.

“Kì í ṣe ti Kwabena,” ló wí. “Mi ò fẹ́ àwọn lásípíkà gogoro tí wọ́n máa ń tò síbi ìsìnkú yẹn lọ́jọ́ mi, Bàbá Ìmísí. Ẹ̀yin ni kí ẹ ta á fún mi. Ẹ ò ní lè sọ mọ́ pé ẹ ò tíì gba fíríìdọ̀mù.”

Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ́ kan ṣì kù, orin tí àwọn ará ìlú ọ̀gá mi fi ń dágbére fún ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi, pé mi ò tíì kọ́ṣẹ́ tán. Ó ní kí n lọ kọ́ ọ nígbà náà. Mi ò kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, mo ń gbálẹ̀, mo ń kí ọ̀gá mi, mo ń ta àwọn ti tẹ́lẹ̀, mi ò ṣí ti ìdágbére yẹn. Mùnírà ní dátà wà, mo ní kò sí. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọdé ni. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Mo fẹ́ kí o fún mi lówó dátà, àti owó oògùn màmá rẹ, àti ti okùn jìtá nítorí ọ̀kan ti fẹ́ já. Ṣùgbọ́n má fi í sórí mómò inú fóònù. Èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, bí fóònù ṣe dún tí Mùnírà ní owó ti dé láti ọ̀dọ̀ Ìmísí, ẹnu ọ̀nà ni màmá rẹ kọjú sí, ó ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbé e wá fúnra rẹ.

Ọ̀nà kò ní nà ọ́, ọkọ̀ tí o bá wọ̀ kò ní dá ọ dúró. Wàá dàgbà, wàá sì rí ẹni tí yóò máa gbé ọ yí sí ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn ọ́. Bí o bá dé, jókòó ti màmá rẹ, kí o di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà náà ni n ó ṣí ẹ̀kọ́ tó kù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.