Àpá Méjì Lọ́wọ́ Ọ̀tún Yín

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín látorí fóònù: ẹ kú òtútù o. Ó mú gan-an ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mọ́mì ṣì ń gbé ife tíì yín sórí tábìlì láàárọ̀, wọ́n á sì tún fúnra wọn gbé e kúrò.

Ohun kan wà tí mi ò lè bi yín nígbà tí ẹ wà láyé. Nílé wa, a máa ń dọ̀bálẹ̀ kí yín ni, a kì í bi yín léèrè ohun tí ẹ kò bá fẹnu ara yín sọ.

Lọ́jọ́ tí a wẹ̀ yín ní mọ́ṣáláṣí, èmi ni wọ́n ní kí n fọ ọwọ́ ọ̀tún. Láàárín àtàńpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, níbi tí ẹran ti rọ̀, mo rí àpá kéékèèké méjì, ọ̀kan gun orí èkejì. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Ẹ máa ń sọ pé agolo sadín-ìn ló gé yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ mi. Ìbọn ni mo ń yẹ̀ wò fún ilé ẹjọ́: irú èyí tó jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tó ń fi sílẹ̀ lára ọta àti lára ẹni tó mú un. Mo ń da omi sí ọwọ́ yín, mo sì mọ ohun tí mò ń wò.

Mi ò fẹ́ gbà pé ìbọn ló ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá fíìmù yẹn jáde, fíìmù ọlọ́pàá àwọn ará Ítálì tí ẹ rà ní Rye Lane, tí a jọ máa ń wò lọ́jọ́ tí ẹ kò bá wa bọ́ọ̀sì. Ṣé ẹ rántí pé ìbọn inú rẹ̀ máa ń yí padà? Ọ̀gá ọlọ́pàá á bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po, á sì dé òkè pẹ̀lú èyí tí ọta rẹ̀ wà nínú èèkù. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ó ti pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ṣùgbọ́n tó bá kan olè tó ń ja báńkì, tó di ìbọn tirẹ̀ mú jù lókè, ẹ kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ó máa gé e.” Kò gé e rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá dún, irin orí rẹ̀ á sáré padà sẹ́yìn, á ti irin kékeré tó wà lẹ́yìn mọ́lẹ̀. Bí ọwọ́ bá ga jù, irin kékeré yẹn á bu ẹran náà jẹ. Nínú fíìmù, olè náà yìnbọn títí, kò fara pa. Kò sí ohun kankan níbẹ̀ tó lè kọ́ yín ní ohun tí ẹ mọ̀.

Àpá kan, mo lè ní ẹnì kan ló gbé ìbọn fún yín ṣeré. Èkejì ló ń bà mí nínú jẹ́. Ẹ padà mú un. Ẹ ní Ìbàdàn lẹ wà nígbà ogun abẹ́lé, tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ṣé lóòótọ́ ni? Ta ló fún yín ní ìbọn? Ta ló wà níwájú yín?

Kúbúrà, àbúrò mi, ló kọ ọ̀rọ̀ tí mo máa kà nípa yín níbi fídáù ogójì ọjọ́. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kò fọwọ́ kan ohun ìjà rí láyé yín, torí bí ẹ ṣe máa ń bá àwọn ọmọ àdúgbò wí lórí ọ̀bẹ tí wọ́n ń mú kiri. Mo ní kó yọ ọ́.

“Brother mi, ṣé court la wà ni? It's just one line.”

Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí mo bá sì kà á, mo purọ́ lórí yín níbi tí a ti ń tọrọ àforíjì fún yín. Mo lọ bá Mọ́mì ní kíṣìnì, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

“Mọ́mì, ọwọ́ Bàbá…”

“Mo ti rí i kí n tó fẹ́ wọn.”

“Ẹ ò bi wọ́n?”

“Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò jẹun lọ́jọ́ yẹn.” Wọ́n ju òkúta kékeré kan nù. “Òyìnbó ti bà ọ́ jẹ́. Gbogbo nǹkan lo fẹ́ yẹ̀ wò.”

Àná la ṣe fídáù náà. Nígbà tí mo dé orí ìlà yẹn, mo kà á báyìí pé: Bàbá wa kò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun ìjà. Ìyẹn ni mo lè búra sí. Kúbúrà wò mí. Mọ́mì ṣe àmín kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni Álífà ní ká gbé ọwọ́ sókè, kí kálukú dárúkọ òkú rẹ̀ sínú. Mo dárúkọ yín. Mo wá fi ẹnì kan kún un, bó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà níwájú ìbọn yín, ẹni tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ tàbí èdè tó ń sọ. Àdúà kan náà ni mo ṣe fún ẹ̀yin méjèèjì.

Ọmọkùnrin yín,
tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.