Bàbá Olókè àti Obìnrin Ojú Ọ̀nà

Ọdún 1943 ni wọ́n bí bàbá wa, tí tilé-toko mọ̀ sí Bàbá Olókè, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Ìdílé tí ẹnu kì í sinmi ni. Bàbá wa nìkan ló ń dákẹ́ níbẹ̀. Ìyá wọn rò pé ara wọn ò yá ni. Òkè tó wà lójú fèrèsé ni wọ́n ń wò.

Ní 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Wọ́n ya òkè sẹ́yìn ìwé ìṣirò títí olùkọ́ fi nà wọ́n dáadáa. Nígbà tó nà wọ́n tán, ó ní kí wọ́n wá ya òmíràn sára ògiri kíláàsì.

Ní 1961, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ àwòrán. Èèyàn ni gbogbo ẹgbẹ́ wọn ń yà: arúgbó, ọmọ ọwọ́, obìnrin tó ń dirun. Kò sì burú. Àwòrán èèyàn máa ń yá lọ́jà ju ti igi, ti odò tàbí ti àwo èso lọ. Ṣebí èèyàn ló ń ra àwòrán, ojú ara rẹ̀ ló sì wù ú wò. Bàbá wa gbọ́, wọ́n ń ya òkè wọn lọ. Ebi náà gbọ́, ó ń pa wọ́n lọ.

Ní 1968, wọ́n fẹ́ ìyá wa, télọ̀ tí kò mọ ìjókòó jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́ kan, alágbàtà tó ń bá bàbá wa ta àwòrán da òkè wọn padà. Ó ní, “Ó dára, àmọ́ èèyàn dà níbẹ̀?” Bàbá wa bínú wálé.

Ìyá wa ò gbójú kúrò lára maṣíìnì. “Ẹ fi mí síbẹ̀ ká rí nǹkan jẹ. Ẹ ṣe mí ní kékeré, kí n má baà dí òkè yín.”

“Ó dáa, dúró kí n wò ẹ́.”

“Ta ni kó bá mi gbé aṣọ oníyàwó lọ? Ẹ̀yìn mi ni kẹ́ ẹ yà.”

Bó ṣe di pé obìnrin kékeré kan ń lọ lójú ọ̀nà nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n ń tà nìyẹn, ẹrù aṣọ lórí, tó kẹ̀yìn sí wa. Àwòrán tà, òun ni wọ́n fi tọ́ wa. Síbẹ̀, bàbá wa ò yé ráhùn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn á ta òkè lásán. Ìyá wa á ní, “Ọjọ́ yẹn, ẹ ó wá mi.”

Nínú ìjọ, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bàbá wa máa ń jókòó. Oníwàásù rò pé ooru ló ń mú wọn. Wọ́n ya òkè lásán sára ògiri ilé ìwòsàn àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn aláìsàn dúpẹ́, wọ́n sì béèrè èèyàn.

Ní 2009, ìyá wa lọ. Omi ò tíì gbẹ lójú wa tí alágbàtà fi sáré dé: èèyàn ti sú àwọn oníbàárà, òkè lásán ni wọ́n ń béèrè báyìí. “Bàbá, ọjọ́ yín dé. Ẹ yọ obìnrin yẹn kúrò.”

Bàbá wa ní, “Ibo ni kí n yọ ọ́ sí?”

Láti ìgbà náà, obìnrin náà ń tóbi sí i nínú àwòrán, òkè ń kéré sí i. Ẹnikẹ́ni ò rà á. Ó kún pálọ̀, ó kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ni ṣá. Ojú ni bàbá wa ń wá. A gbé fọ́tò fún wọn. Wọ́n ní ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ yẹn kì í ṣe ìyàwó àwọn, ìyàwó àwọn ò dúró rí. Wọ́n ní kí àbígbẹ̀yìn wa obìnrin jókòó. “Ojú ìyá ẹ ni,” ni wọ́n wí, “àmọ́ imú mi ló wà níbẹ̀.”

Ní báyìí tí bàbá wa náà ti dágbére fáyé, àbúrò wọn obìnrin kan ló gbẹ̀yìn wọn, àti àwa ọmọ mẹ́ta, télọ̀, awakọ̀ àti olùkọ́, pẹ̀lú àwọn ọmọọmọ, tí ọ̀kan nínú wọn ti ń ya igi báyìí. A ti ń bẹ̀ ẹ́ kó fi èèyàn sí i.

Àwòrán ìkẹyìn ṣì wà níbi tí bàbá wa fi í sí. Obìnrin náà ti dúró. Ó ti sọ ẹrù kalẹ̀, ó ń yíjú padà. Etí rẹ̀ ti hàn, ọ̀dà ibẹ̀ ò tíì gbẹ nígbà tá a dé yàrá. Ojú ò sí níbẹ̀. Bàbá wa ti lọ wò ó fúnra wọn.

Ẹ sùn re o, Bàbá Olókè. Ẹ bá wa kí ìyá wa, bí wọ́n bá dúró.