Ọ̀jọ̀gbọ́n Muideen Àkànní Ọlánípẹ̀kun (1954–2025): Ẹni Tó Ka Ẹja Láì Fa Odò Gbẹ

Ìsẹ́yìn ni orírun Ọ̀jọ̀gbọ́n Muideen Àkànní, ṣùgbọ́n Kétu ni wọ́n bí wọn sí, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún 1954. Alàgbà Salaudeen Ọlánípẹ̀kun, káfíńtà, ni bàbá wọn. Alhaja Rùkáyátù, oníṣòwò ata ní Mile 12, ni ìyá wọn. Nídìí ata ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Ní kékeré, Ọ̀jọ̀gbọ́n a tú apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta wò, wọn a sì kéde iye tó máa ti jẹrà nínú ọgọ́rùn-ún, lójú oníbàárà! Ìgbájú ìyá wọn ni owó iṣẹ́ wọn.

Wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1977, wọ́n di ọ̀mọ̀wé ní 1986. Ní 1981 ni wọ́n fẹ́ Sẹ̀kínát, tó ti di ìyá àgbà báyìí, tí ìdí rẹ̀ ń gba àga méjì, tí kò sì mọ ìṣirò kọjá iye ẹran inú ìkòkò.

Ìṣirò Bayes ni wọ́n fi ń wádìí ẹ̀fọn, ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣàlàyé ìṣirò náà fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, “Sọ ohun tí o rò ná, kí o wá jẹ́ kí ohun tí o bá rí tún un ṣe.”

Ní 2014, àwọn apẹja Ajégúnlẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja odò wọn ń tán lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n so àmì pupa mọ́ igba ẹja àrọ̀, wọ́n sì dá a padà sómi, wọ́n ní kí apẹja máa kó àmì tó bá jáde wá. Bí ẹja alámì bá ṣọ̀wọ́n nínú àwọ̀n, a jẹ́ pé ẹja pọ̀ lódò. Bó bá ń jáde lemọ́lemọ́, ẹja ò pọ̀ mọ́. Àmì márùn-ún péré ni apẹja mú wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹja ṣì pọ̀. Ijó bẹ́ sílẹ̀ létí odò.

Àṣé ìyàwó wọn ti ra ẹja alámì mẹ́fà létí omi! Ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni, ó já a dànù, ó dín ẹja jẹ. Nígbà tó jẹ́wọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín: “Ìyá Kabir, ikùn tìẹ nìkan ju àwọ̀n wọn lọ!”

Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n wọ ilé àwọn obìnrin tó ń ra ẹja níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì méjìdínlọ́gọ́ta, tí apẹja ti tà mọ́ ẹja, ló jáde ní ilé ìdáná. Ẹja ń tán lóòótọ́.

Ó ṣòro kí ọ̀mọ̀wé padà lọ bá àwọn tó ti yìn ín. Wọ́n lọ. Wọ́n ní, “Mo ṣì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi odò sílẹ̀ fóṣù méjì tí ẹja ń yé.” Bàbá Bámi, olórí apẹja, fi wọ́n ṣẹ̀sín: “Prófẹ̀, ẹja yín tún ti kú sínú ìwé? Kí la fẹ́ máa jẹ?” Ọ̀jọ̀gbọ́n ò bínú. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń lọ, títí ọ̀sẹ̀ kẹfà tí àwọn apẹja fi gbà. Lọ́dún kejì, àwọ̀n wúwo.

Ọ̀jọ̀gbọ́n jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bàbá Bámi ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ sí sàréè, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n fi aya sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta, Kabir, Kabirat àti Junaid, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje.

Àkànní, ẹni tó lè sọ lójú ayé pé òun ṣì í, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ níwájú Ẹlẹ́dàá. Kí Aljánnà tẹ́ ẹní fún yín. Èmi Ìyá Kabir ní kí ẹ sùn un re, ọkọọ̀ mi.