Bàbá Tó Dé Fìlà fún Ebè Kó Tó Dé E fún Ènìyàn

Ẹ̀yin ará wa láti Manigri, láti Bassila, láti Doguè àti Alédjo, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìdúró tì wá. Àwa ẹbí Adamou ní kí ẹ jókòó dáadáa, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àdúà ogójì ọjọ́, ká sọ ẹni tí a sin fún yín.

Manigri ni wọ́n bí Bàbá wa, Bàbá Shehu Adamou, sí, nígbà òjò ọdún 1962. Ọjọ́ gan-an, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí wọn, Ìyá Rabiatou, máa ń sọ pé ewé iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun igi ni. Ìwé ìbí tí mẹ́ẹ̀rì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, fún wọn ní “ní nǹkan bí ọdún 1962,” bí ẹni pé díẹ̀díẹ̀ ni Bàbá ń wọ ayé. Tí ẹ bá mọ̀ wọ́n, ẹ ó gbà pé ó ṣeé ṣe. Bàbá kì í kánjú. Bàbá tó bí wọn ni Adamou àgbẹ̀, tí iṣu rẹ̀ máa ń ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bàbá wa ni àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin.

Lọ́dún 1970, wọ́n fi wọ́n sí lékóòlù, ilé ìwé Faransé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún ń lọ sí ilé kéú. Nílé méjèèjì, ohun tí wọ́n fi mọ Bàbá kì í ṣe ìwé. Bí àpò ọmọ kan bá ya, Bàbá ni yóò fi ẹ̀gún ṣe abẹ́rẹ́, tí yóò fi òwú ran án. Tíṣà ní kó yé ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ kejì, ṣòkòtò tíṣà ya níwájú gbogbo ọmọ. Láti ọjọ́ náà, tíṣà gbà wọ́n láyè.

Ọdún mẹ́ta péré ni Bàbá lò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá wọn ṣàìsàn, kò lè dúró lóko mọ́, wọ́n sì gbé ọkọ́ fún àkọ́bí. Bàbá gbà á, wọn ò ráhùn. Wọ́n gbin iṣu, wọ́n gbin kajú, wọ́n bọ́ àwọn àbúrò wọn títí tí kálukú fi ní ilé tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílùú ńlá, ẹ jẹ́ ká rán yín létí nǹkan kan. Tí a bá gbin iṣu tán nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, a kì í fi orí ebè sílẹ̀ fún oòrùn. A máa ń kó koríko gbígbẹ àti ewé lé e lórí, a ó wá fi ìṣù erùpẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e. Dídé fìlà fún ebè nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fi ọkàn sí i, wọ́n kàn ń ṣe é ni. Bàbá wa fi ọkàn sí i. Wọ́n á ká koríko náà po, wọ́n á fi okùn ran etí rẹ̀. Ọ̀kan á ga, ọ̀kan á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ọkọ ìyàwó. Àwọn tó ń kọjá lójú títì á dín eré mọ́tò kù. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó dúró sí ẹ̀yìn ebè. Ó ní òun rò pé wọ́n ti gbé ìrun ni.

Lọ́dún 1986, wọ́n gbé Ìyá wa níyàwó, Ìyá Roukayatou, ọmọ Alédjo. Ìyá ní nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ pàdé òun lójú ọ̀nà ọjà Bassila, wọn ò kí òun, wọn ò yin ẹwà òun. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Gèlè rẹ wọ́ sápá òsì.”

Ìyá bínú. “Tó bá ń dùn ọ́, wá tún un wé!”

Bàbá tún un wé lóòótọ́, lójú gbogbo ọjà. Ìyá ò tú gèlè náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn òbí Ìyá rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1999 ni Bàbá ra màṣíìnì ìránṣọ lọ́wọ́ aránṣọ kan tó ń kó lọ sí Parakou. Wọ́n sọ fún Ìyá pé fìlà ni àwọn fẹ́ máa rán, pé àwọn á fi oko sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ bo màṣíìnì náà, wọ́n gbé e sínú àká iṣu. Ìyá bi wọ́n pé ìgbà wo. Wọ́n ní, “Lẹ́yìn iṣu tuntun.” Iṣu tuntun dé, wọ́n ní lẹ́yìn kajú. Kajú tán, wọ́n ní òjò ti rọ̀, ẹ jẹ́ ká roko ná. Báyìí ló ṣe ń lọ. Màṣíìnì dàgbà nínú àká. Ẹtù wa yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, ó pa ọmọ, àwọn ọmọ ẹtù náà dàgbà, wọ́n yé tiwọn síbẹ̀. Àlejò kan láti Doguè wọlé wá wo iṣu, ó rí nǹkan tó jókòó nínú òkùnkùn pẹ̀lú aṣọ lórí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìsinmi, Màmá.”

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ ni Bàbá. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ẹni tó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́? Ta ni yóò mú oko tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́? Kí ni àwọn èèyàn Manigri yóò sọ, àwọn tó jẹ́ pé wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sọ̀rọ̀ tí ewúrẹ́ rẹ bá bí ọmọ dúdú? Ìyá ní ní alaalẹ́, Bàbá á fi ìka wọn rán fìlà lójú oorun, lórí ìrọ̀rí.

Lọ́dún 2014, iṣu pọ̀ débi pé àká kò gbà á. Ìyá wọ màṣíìnì síta, ó gbé e sáàárín àgbàlá. Ó ní, “Ẹ̀yin Bàbá Moufidatou, iṣu ń wá ibi tó máa sùn. Ẹ lo nǹkan yìí, tàbí kí n fi í fún ẹtù pátápátá.”

Bàbá ní, “Lẹ́yìn ìkórè.”

Ìyá Rabiatou wà lórí ẹní lábẹ́ igi máńgò. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, gbogbo wa sì rò pé wọ́n ń sùn. Wọ́n ní, “Shehu.”

“Ẹ̀n, Ìyá.”

“Lẹ́yìn kí ni?”

Bàbá gbé ọkọ́ lé èjìká. Ìyá Rabiatou ní, “Èmi náà ń lọ o. Mi ò ní lọ bá bàbá rẹ kí n sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìkórè. Lọ wẹ̀. Bá mi pe zémìjàn.”

Àkọ́bí Bàbá, Moufidatou, ọmọ wọn obìnrin, ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ lóko láti ọdún pípẹ́. Ó na ọwọ́, ó ní, “Bàbá, ẹ fún mi ní ọkọ́ yẹn.” Bàbá wo ọkọ́, wọ́n wo ọmọ wọn. Ó pẹ́ kí ọwọ́ wọn tó tú. Ṣùgbọ́n ó tú.

Ẹ mọ̀ pé níbí, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, òbí rẹ̀ ló ń mú un lọ bá ọ̀gá. Ìyá Rabiatou gun ẹ̀yìn zémìjàn, ọ̀kadà akérò, Bàbá jókòó sẹ́yìn Ìyá wọn, ó di Bassila, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Wassilatou, aránṣọ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọjà. Ọ̀gá Wassilatou kéré sí Moufidatou lọ́jọ́ orí. Ó rí ìyá arúgbó, ó gbé àga fún wọn, ó ní ọmọ dà.

Ìyá Rabiatou na ọwọ́ sí Bàbá, pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun wọn. “Ọmọ mi nìyí. Kì í jalè. Bó bá ṣagídí, ẹ nà án.”

Ọ̀gá Wassilatou wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Màmá, èmi ò lè na bàbá mi o.”

“Ẹ ránṣẹ́ pè mí nígbà náà. Èmi á wá nà án.”

Báyìí ni Bàbá ṣe di àpìràǹtí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Wọ́n ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Oníbàárà á wọlé, á kúnlẹ̀ fún wọn, á ní, “Bàbá Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́.” Bàbá á ní, “Ọ̀gá ń bọ̀ o, ó ń fún ọmọ lọ́mú.” Ní Manigri, àwọn ọ̀dọ́ á dúró lójú títì ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, “Àpìràǹtí, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ṣeré lónìí?” Bàbá á dáhùn pé, “Wọ́n jẹ́ ká ṣe díẹ̀.”

Fìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá rán jẹ́ ti Bàbá Abdou, igbákejì ìmáàmù wa, fún Iléyá. Ó dára, etí rẹ̀ gún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Abdou forí kanlẹ̀, fìlà náà gbé orí wọn mì títí dé àgbọ̀n. Wọ́n gbórí sókè, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní òun rò pé òun ti kú ni, òun sì ń dúró de Màláíkà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín lórí ìrun débi pé wọ́n tún ìrun kí.

Ẹ mọ̀ pé Bàbá kò ṣi orí náà wọ̀n. Ìwọ̀n orí pé. Àmọ́ ẹni tó ti fi ogójì ọdún dé fìlà fún ebè, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ra: a kì í dé e pinpin mọ́ ebè, a máa ń fi ààyè sílẹ̀ kí iṣu lè ta jáde. Bàbá ti fi ààyè sílẹ̀ kí orí Bàbá Abdou lè ta.

Gbogbo Manigri gbọ́. Bàbá ò lọ sí Bassila mọ́. Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ Moufidatou, wọ́n padà sóko. Ìyá ní ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba òun jù láyé òun, torí Bàbá ò tilẹ̀ sọ pé “lẹ́yìn” nǹkan kan mọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, Bàbá Abdou fẹsẹ̀ rìn wá sóko. Fìlà náà wà lórí wọn, wọ́n ti ki aṣọ inú ilé bọ̀ ọ́ kó má bàa bọ́. Wọ́n dúró láàárín ebè, wọ́n ní, “Shehu, mo ti dúró o. Mo ti bomi rin ín. Orí mi kọ̀, kò ta. Wá bá mi gé fìlà.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Moufidatou wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tó yá, kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ni omi náà mọ́. Bàbá dá ọkọ́ padà fún un, wọn ò sì gbà á mọ́ títí wọ́n fi kú.

Wọn ò ju àṣìṣe yẹn nù pátápátá. Wọ́n ń ṣẹ́ ààyè náà pọ̀ sínú fìlà àwọn ọmọdé, wọ́n ń ran án fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí Iléyá bá dé, tí orí ọmọ ti tóbi, wọ́n á tú u díẹ̀. Fìlà kan á bá ọmọ dàgbà. Àwọn ìyá láti Doguè ń gbé ọmọ pọ̀n wá, pé kí Bàbá wá tú orí ọmọ àwọn.

Lọ́dún 2018, Ọ̀gá Wassilatou fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Bàbá kúnlẹ̀ bí gbogbo àpìràǹtí ṣe ń kúnlẹ̀, ọ̀gá da àtíkè sí wọn lọ́rùn, ó gbé àlùmọ́gàjí lé wọn lọ́wọ́. Ìyá Rabiatou jó. A ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ayé sílẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nínú oorun, kò sí ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìṣe. Bàbá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Manigri, lẹ́bàá títì. Màṣíìnì inú àká ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹ́ ẹtù ló ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, Bàbá kì í fi Jímọ̀ ṣeré. Kò sí ọmọ kéú kan ní Manigri tó sanwó fìlà funfun. Ní ti ìlú, ẹni tó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tó ní òun fẹ́ ṣe nǹkan kan lẹ́yìn báyìí, Bàbá á gbé ojú sókè lára abẹ́rẹ́. “Lẹ́yìn kí ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé èèyàn púpọ̀ dìde lórí àga wọn. Karim, ọmọ wọn ọkùnrin, tó ti ń sọ fún ọdún mélòó kan pé òun á kọ́ṣẹ́ jíjó irin, bínú jáde ní ọjọ́ kan. Iṣẹ́ náà ló wá ń jẹ báyìí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ọyẹ́ mú, àyà ń dun Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n bi Moufidatou bóyá ó ti dé fìlà fún ebè. Ó ní lẹ́yìn tí ara Bàbá bá yá. Ẹ ti mọ ohun tí Bàbá wí. Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó lọ, ó ṣe ìlà tó sún mọ́ títì. Ó padà wá sọ fún wọn. Bàbá ní, “Ṣé o fi ààyè sílẹ̀?” Ó ní òun fi sílẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeun. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n lọ.

Wọ́n fi Ìyá wa Roukayatou sílẹ̀, àti Moufidatou tó ń mú oko, Karim ajórin, àti Wassiou tó gba màṣíìnì. Àwọn ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀ tí a ò lè kà tán, torí wọn ò dúró lójú kan. Gbogbo wọn ló ní fìlà tí ó ṣì ní ààyè nínú.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, Ìyá, tó wà nínú opó tí kò lè jáde, pe Moufidatou. Ó ní, “Oòrùn yìí mú jù. Lọ bò wọ́n.” Moufidatou kó koríko gbígbẹ láti oko, ó ká a po, ó ran etí rẹ̀ bí Bàbá ṣe ń ṣe é, ó gbé e lé orí sàréè, ó sì fi ìṣù erùpẹ̀ kan tẹ̀ ẹ́. Bàbá Abdou bá a níbẹ̀. A rò pé wọ́n á bá a wí. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó. Wọ́n wá tún fìlà orí tiwọn ṣe, wọ́n ní, “Kò fún un jù, àbí?”

Ó ní, “Rárá, Bàbá. Mo fi ààyè sílẹ̀.”

Kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n, kó jẹ́ kí ilẹ̀ tutù fún wọn. Ẹ sùn re, Bàbá Shehu. Oòrùn ò ní pa yín. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ní ká dìde, ààyè wà.