Búrẹ́dì tí Àǹtí Ń Gé Lójú Bọ́ọ̀dù

                                                  Ilé Àwọn Olùkọ́,
                                                  Ẹ̀yìn Iléèwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                                  Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí ara ẹni, ẹ sì kú iṣẹ́ ibi tí ẹ wà. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ní òun ò ní lọ síléèwé mọ́ àfi tí wọ́n bá jẹ́ kí òun mú ológbò òun dání? Mo gbà pé ara yín le. Ara tèmi náà le, ọkàn ni kò le.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè yín lórí fóònù, tí mo wá ń kọ lẹ́tà bí ará àtijọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé e, ẹ ní, "Àbígbẹ̀yìn, kí lo tún fẹ́ gbà?" Mo bá rẹ́rìn-ín, mo ní mo kàn ní kí n kí yín ni. Ẹnu mi ò gbà á. Ọ̀rọ̀ Àǹtí wa ni, ó sì ní bí mo ṣe ní láti tò ó kí ó tó lè yé yín, torí èmi tí mo fi àlàyé ṣiṣẹ́ ṣe gan-an, kò tètè yé mi.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá wa ti kú tí Àǹtí, àbúrò wọn, ti di ìyá fún àwa méjèèjì, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ràn ju kíláàsì lọ. Nígbà tí wọ́n kó àwọn bọ́ọ̀dù oníná wá sí iléèwé wọn, èmi ni wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Mo ti ṣàlàyé nǹkan náà fún yín rí: ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn méjì, ìka la fi ń kọ̀wé sí i, tí a bá sì ya nǹkan sójú rẹ̀, a lè fi ìka fà á, kí a gé e, kí a tún un tò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn olùkọ́ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n wá bi ara wọn pé níbo nínú rẹ̀ ló ti máa ń rú ọmọ lójú. Ibẹ̀ nìkan ni kí wọ́n ti pe ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ní, "Èmi tí mo nu ìdí rẹ, ìwọ ló fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́?" Gbogbo yàrá àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ rárá tí Àǹtí fi mọ̀ ọ́n lò ju gbogbo olùkọ́ yòókù lọ. Ẹ̀kọ́ ìdá ni wọ́n fi dárà. Tí ẹ bá bi ọmọ kíláàsì kẹrin pé èwo ló tóbi jù nínú ìdá kan nínú mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin, mẹ́rin ni yóò mú, torí ó mọ̀ pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Àǹtí á ya búrẹ́dì gbọọrọ méjì sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ìka gé ọ̀kan sí mẹ́ta, wọ́n á gé èkejì sí mẹ́rin, wọ́n á wá fa ègé kan láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ebi ń pa ọ́," ni wọ́n máa ń wí, "èwo lo máa mú?" Gbogbo kíláàsì á pariwo. Mo ti rí ọ̀pọ̀ olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mi ò tíì rí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó ti pe ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù ò tàn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ, mo ṣàlàyé. Wọ́n tún pè mí, mo tún ṣàlàyé. Mo kọ bí wọ́n ṣe máa tàn án sórí páálí, gàdàgbà-gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù. Tíṣà kíláàsì kẹta, tí a ń pè ní Ẹlẹ́fẹ̀, ní, "Ṣé kì í ṣe pé Àǹtí yín kàn fẹ́ máa rí yín ni?" A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Sùúrù mi tiẹ̀ ń wú mi lórí. Nínú iṣẹ́ tèmi, tí àgbà olùkọ́ bá gbàgbé nǹkan, ẹ̀rọ la máa ń fura sí. A ó ní nǹkan tuntun ni, yóò mọ́ wọn lára. Bí mo ṣe ń tún ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ ṣe nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì Àǹtí láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹ̀kọ́ ìdá ni. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Lọ́yà, torí kò sí ohun tí kò lè jiyàn lé lórí. Àǹtí bi í ní ìbéèrè, ó mú mẹ́rin. Àǹtí rẹ́rìn-ín, wọ́n gé búrẹ́dì, kíláàsì pariwo, inú mi dùn. Mo padà lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ ìdá ni. Mo rò pé àtúnyẹ̀wò ni. Ṣùgbọ́n Àǹtí ní, "Lónìí, ohun tuntun la fẹ́ kọ́," wọ́n bi Lọ́yà, Lọ́yà tún mú mẹ́rin. Ohùn kan náà, ẹ̀rín kan náà, búrẹ́dì kan náà. Àwọn ọmọ pariwo bí ẹni tí kò rí i rí.

Lẹ́yìn tí Àǹtí gé e tán, wọ́n tẹ ibi tó yẹ láti ṣí ojú ewé tó kàn. Ewé náà ṣí, funfun báláú. Àǹtí dúró tì í, ìka wọn ṣì wà lókè. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí àyà mi fi já. Ẹni tí ẹ̀rọ ń dà láàmú máa ń mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ibi tí yóò tẹ̀ ni kò mọ̀. Àǹtí tẹ ibi tó yẹ. Ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ ni wọn ò mọ̀ mọ́. Lọ́yà ló dìde, ó rọra ní, "Àǹtí, ẹ ní kí á ya tiwa sínú ìwé wa." Àǹtí ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o. Ó yá, ẹ yà á."

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, mo pe Lọ́yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ṣé lóòótọ́ lo ò mọ èyí tó tóbi jù?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé tí o máa ń ṣì í?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Tí mo bá gbà á, Àǹtí ò ní gé búrẹ́dì. Tí wọn ò bá sì gé búrẹ́dì, wọn ò ní mọ ohun tó kàn, wọ́n á kàn máa wò wá. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan gbà á, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. La bá ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́." Ó wá gbójú sókè, ó di Lọ́yà padà. "Ẹ má sọ fún ọ̀gá o, sà. Ṣé a pa ẹnikẹ́ni lára ni?"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí tí mo rí yìí, àwọn ọmọ ló ń bá àgbà gbé orí ró.

Mo mú Àǹtí lọ rí dókítà, mo ní àyẹ̀wò ojú ni. Dókítà bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, ó wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àrùn ìgbàgbé ni. Ó ní oògùn lè dá a dúró díẹ̀, kò lè lé e lọ. Ọ̀gá iléèwé, èèyàn jẹ́jẹ́, ní kí á fi Àǹtí sílẹ̀ títí ọdún á fi parí, kí òun fi olùkọ́ kékeré kan tì wọ́n. Ó wù mí kí n gbà, ẹ̀gbọ́n mi, ó wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo yẹ ìwé àwọn ọmọ wò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, wọn ò tíì kúrò lórí búrẹ́dì.

Lánàá, lẹ́yìn tí iléèwé parí, mo bá Àǹtí nínú kíláàsì, wọ́n ń ka páálí tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀dù. Wọn ò yíjú padà. Wọ́n ní, "Àbígbẹ̀yìn, ìwọ lo mọ ẹ̀rọ. Ṣé bọ́ọ̀dù yìí ló bàjẹ́ ni, àbí èmi ni?"

Àlàyé ni iṣẹ́ tí mo kọ́, òun ni mo fi ń jẹun, mo sì wá a tì. Mo ní, "Àǹtí, bọ́ọ̀dù ò bàjẹ́."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Mo ti fura," ni wọ́n wí. "Àwọn ọmọ yẹn ń ṣe jẹ́jẹ́ jù. Kíláàsì kẹrin wo ló ń ṣe jẹ́jẹ́?" A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà mọ́ wa lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, wọ́n nu ojú. "Mi ò lè fi ọdún ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Sọ fún ọ̀gá wa pé mi ò wá mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n má sì ṣe ayẹyẹ kankan fún mi, kí n má baà jókòó síbẹ̀ kí n máa bèèrè pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyẹn. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ẹ má tíì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ kàn sọ pé ara Àǹtí ò yá. Ẹlẹ́fẹ̀ náà ní kí n kí yín. Kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Ẹ má dúró de ìsinmi. Láàárọ̀ yìí tí a ń mu tíì, Àǹtí ń wo fọ́tò yín tó wà lára ògiri, èyí tí ẹ yà nígbà tí ẹ gboyè. Ojú wọn tàn. Wọ́n pe orúkọ yín, wọn ò ṣì í. Wọ́n wá bi mí pé ṣé ẹ ti ti iléèwé dé, ṣé ẹ sì ti jẹun. Mo ní ẹ ti jẹun. Wọ́n ní ó dáa, kí n rọra máa rìn, kí ẹ lè sùn.

                                                  Èmi àbúrò yín tí ń wo ọ̀nà yín ni,
                                                  Àbígbẹ̀yìn.