Ibi Funfun Lára Ògiri Gbọ̀ngàn Wa

Èmi Ìyá Ọlọ́dà, ayàwòrán, àkọ́bí káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nílùú etí òkun yìí, ni mo ní kí lọ́yà mi kọ ìwé yìí. Ara mi ló ń ṣàárẹ̀, ọpọlọ mi pé. Kí àbúrò mi ọkùnrin má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn ló ń gùn mí. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti ṣe ṣáájú, mo pa á rẹ́. Lọ́yà mi àti ọmọbìnrin mi ni yóò mú ọ̀rọ̀ inú èyí ṣẹ.

Èkíní. Ilé mi, pẹ̀lú yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, di ti ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Bó bá wù ú kó tà á, kó tà á. Òórùn ọ̀dà kò ní kúrò nínú yàrá náà láéláé. Kó tètè sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á, kó má baà di ẹjọ́.

Èkejì. Àwọn ewúrẹ́ mi di ti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi. Òun nìkan ni wọn kì í fi ìwo kàn.

Ẹ̀kẹta. Àpótí irinṣẹ́ baba mi, ti ayùn ti òòlù, kí wọ́n gbé e fún awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò sọdá ọ̀sà. Ọkùnrin yìí tọrọ mi lọ́wọ́ baba mi nígbà tí mo wà lọ́mọge. Baba mi ní òun kò lè fi ọmọ òun fún ẹni tí kì í sùn sílé. Mo gbà fún baba mi, mo fẹ́ ẹni tó ń sùn sílé, ó sì ń sùn lóòótọ́, kò ṣe nǹkan mìíràn. Kí awakọ̀ má dá àpótí náà padà.

Ẹ̀kẹrin. Ọ̀rọ̀ ògiri. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú ní kí n ya àjogúnbá wa sára gbọ̀ngàn tó kọjú sí òkun, ohun tí mo rí níbí ni mo yà. Mo ya àwọn obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe, mo ya baba mi nínú ikùn ọkọ̀, mo sì ya ọjọ́ tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ àbúrò mi lórí. Awakọ̀ yìí kan náà ló fà á yọ lọ́rùn ẹ̀wù, ṣòkòtò àbúrò mi ti bọ́ dé orúnkún. Àbúrò mi ni alága ìgbìmọ̀. Ó ní ṣé ìdí òun ni àjogúnbá ìlú. Mo ní ìdí rẹ̀ kò hàn, omi bò ó. Ó ní kí n fi ọkọ̀ ọba tó ní àsíá oníwúrà rọ́pò rẹ̀. Mo ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gúnlẹ̀ síbí rí. Kí n tó dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún. Mo tún un yà. Wọ́n tún un kùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kọṣẹ́. Ní báyìí, àwọn àlejò ń bi wá bóyá ojú fèrèsé ni wọ́n fẹ́ lu síbẹ̀.

Ó sú mi. Mo ti sọ ọ́ nílé, mo sọ ọ́ nípàdé, àbúrò mi kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Kò lè já lu ìwé ìhágún, nítorí náà kó gbọ́. Àbúrò mi, mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Etí omi ni mo dúró sí lọ́jọ́ náà, mo ti gbà pé o ti lọ. Àwọn obìnrin ju àwọ̀n sílẹ̀. Baba wa bẹ́ sómi. Àwọn tí kì í kí ilé wa pàápàá bẹ́ sómi, ẹnì kan kò bèèrè ọmọ ta ni. Awakọ̀ kàn tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ ni. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí ohun tí ìlú yìí ṣe tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣòkòtò ni ìwọ ń wò.

Ẹ̀karùn-ún. Àwòrán ọjọ́ náà tí mo kọ́kọ́ fi èédú yà sórí páálí wà lábẹ́ ibùsùn mi. Kí ọmọ mi mú un, kó fi tún ibi funfun náà yà. Ó mọ ọ̀dà lò, àmọ́ òòyì máa ń kọ́ ọ bó bá gòkè. Nítorí náà, àbúrò mi ni mo fi àkàbà mi sílẹ̀ fún. Kó di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú dáadáa fún ọmọ mi títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Bó bá ń dì í mú lọ́wọ́, kó má sọ̀rọ̀.

Mo fọwọ́ sí i lórí ibùsùn mi, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún yìí.

Ìyá Ọlọ́dà

Àwọn tó ṣojú wọn, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i:
Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ará ilé kejì