Ọkọ̀ Tí N Kò Dìde Lọ Wò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín láti ilé yín ní àdúgbò Adébáyọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni, ó sì rẹ̀ mí débi pé bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ọkọ̀ tó gbé wa láti Ìgèdè bàjẹ́ lọ́nà, a dúró nínú oòrùn títí òmíràn fi dé. Ara Màmá le. Wọ́n ti dín iyọ̀ kù bí dókítà ṣe wí, ṣùgbọ́n wọn ò dín àròyé kù. Igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ti wó. Mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ gbọ́ gbogbo ìyẹn ná, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí ènìyàn ṣàdédé já lu ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ fún yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi yẹn ni.

Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, àwọn tí ẹ kọ́ ní jọ́gíráfì ní Ìgèdè ló kó ara wọn jọ tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà fún yín. Wọ́n rò pé ẹ óò máa fi kọ ìtàn ìlú. Ẹnì kan nínú wọn ló fi géèmù ọkọ̀ ogun abẹ́ omi sínú rẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ìtàn ìlú ti dúró sí ojú ewé kejì. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orúkọ òkun, tí ẹ ò sì fojú rí òkun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ wá di ọ̀gá ọkọ̀ ogun nínú pálọ̀. "Uṣẹ́" lẹ máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe iṣẹ́ nílé yín. Tí Màmá bá ní kí ẹ wá jẹun, ẹ óò ní ẹ wà lẹ́nu uṣẹ́.

Mo rántí bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ óò yọ awò tí ọkọ̀ náà fi ń ríran sókè omi, ẹ óò rí èéfín lókèèrè. Ẹlòmíràn á ti yìnbọn. Ẹ̀yin óò kọ́kọ́ bọ́ gíláàsì ojú yín, ẹ óò fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún, ẹ óò ṣí ìwé àwòrán ọkọ̀ tó wà nínú géèmù náà, ẹ óò sì máa fi ìdérí báírò ka òpó ọkọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: òpó mélòó, ihò èéfín mélòó, ṣé imú rẹ̀ gùn àbí ó kúrú. Lẹ́yìn náà ẹ óò rọra sún mọ́ ọn títí ẹ ó fi rí àsíá. Ọkọ̀ ọ̀tá àti ọkọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò bá ẹnikẹ́ni jà lè jọra bí ìbejì, àsíá nìkan ló ń yà wọ́n. Bí ẹ bá ri èyí tí kò jà, géèmù á yọ máàkì yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe máàkì lẹ ń rò. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé jẹ́jẹ́ ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ẹ ní ìwé ọmọ ilé ìwé kan tí ẹ ń kọ gbogbo ọkọ̀ tí ẹ bá pàdé sí. Àwọn tí ẹ jẹ́ kó kọjá pọ̀ ju àwọn tí ẹ rì lọ.

Nígbà tó yá, àsíá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún yín láti rí. Ẹ ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sínú kùrukùru. Bí mo ṣe di ojú yín nìyẹn. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ óò pè mí, n óò tẹ̀ba síwájú kọ̀ǹpútà, n óò sọ àwọ̀ tí mo rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti nílò mi gbẹ̀yìn fún nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní ìparí táàmù. Ìwé ìdánwò kíláàsì mẹ́ta wà níwájú mi lórí tábìlì ìjẹun, ọ̀gá wa sì fẹ́ gba máàkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ sì ń kánjú kí wọ́n tó mú un lọ. Ẹ pè mí, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ tún pè mí, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ ní ọkọ̀ méjì ló wà níwájú yín, pé èyí tó tóbi ti fẹ́ bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, kí n jọ̀ọ́ wá bá yín wo àsíá rẹ̀. Mo gbójú sókè. Láti ibi tí mo jókòó sí, ẹ̀yìn orí yín nìkan ni mo rí.

"Ọ̀tá ni, Bàbá," mo wí, mo sì padà sórí ìwé tí mò ń máàkì.

Ẹ yin ọta méjì lábẹ́ omi. A gbọ́ ìró rẹ̀, èéfín bo ojú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà lẹ rì. Ẹ yí àga yín padà, ẹ bi mí pé àsíá wo ni mo rí. Ohùn yín ò le, ẹ kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ká ní mo jẹ́wọ́ nígbà náà pé n kò dìde, ẹ̀ bá bá mi wí díẹ̀, à bá sì jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ojú sì tì mí. Mo ní mo rí àsíá ọ̀tá kedere lórí èyí tó tóbi, pé àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èyí kékeré lẹ yin ọta mọ́.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà, ẹ wò mí. Ẹ bọ́ gíláàsì yín, ẹ kàn mú un dání.

"Á jẹ́ pé ojú mi ló tàn mí jẹ," lẹ wí.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà. Èmi ń bá ìwé máàkì lọ.

Ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ lọ bá fíkà ṣọ́ọ̀ṣì wa pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀kọ́ kíkà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹ̀yin lẹ máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì látinú Bíbélì fún ìjọ. Fíkà bẹ̀ yín, ẹ ní ẹ ò fẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kà sí ìjọ létí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ò dá nìkan lọ ra ìwé ìròyìn ní oríta mọ́. Màmá mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní òótọ́ ni pé ojú náà ti ń ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú gíláàsì tuntun, ẹ óò kàwé fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. A ṣe gíláàsì náà. Ẹ lò ó, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò padà sídìí ẹ̀kọ́ kíkà. Ẹ ní ẹ mọ ohun tí ojú yín ṣe. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ọ́. Ọbẹ̀ ni mò ń bù fún yín.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ò mọ iye ìgbà tí mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu láti Ìgèdè wálé, tí n óò sì ti gbé e mì kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ fura? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ ọmọ tí kò kàwé kó tó lanu, báwo lẹ ṣe gbà mí gbọ́? Àbí ó wù yín kí ẹ gbà mí gbọ́ ni?

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ṣí ìwé tí ẹ ń kọ ọkọ̀ sí. Ohun tó wà lórí ìlà tó kẹ́yìn ni pé: ọkọ̀ ẹrù, òpó méjì, aláìṣẹ̀, èmi ni mo ṣì í yìn. Mo pa á dé. N kò lè ṣí i mọ́ láti ìgbà náà.

Sátidé tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún Màmá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú pálọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe jókòó, bí mo ṣe purọ́. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ títí atẹ fi mọ́. Mo rò pé wọn óò tù mí nínú.

"Ó yẹ kí o ti sọ fún wọn," wọ́n wí. "Èmi ni mo máa ń jókòó tì wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹlòmíràn bá ń ka ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ á ṣí Bíbélì, wọ́n á máa kà á sínú, ẹnu wọn á máa mì. Mò ń fi Bíbélì tèmi bá wọn lọ. Wọn ò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà rí."

Wọ́n lọ fọwọ́, wọ́n sì ní kí n tan kọ̀ǹpútà náà. Bàbá mi, Màmá jókòó sórí àga yín. Wọ́n ní kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn. Mo yọ awò sókè omi, a rí ọkọ̀ kan, a sì ń rọra sún mọ́ ọn. Wọ́n ka òpó, wọ́n ní mẹ́ta. Mo ní méjì ni, pé ìkẹta yẹn àkàbà ni. A jiyàn lé e lórí. Nígbà tí àsíá hàn, ọkọ̀ náà ti ń kẹ̀yìn sí wa. Mo dìde, mo gbé ojú mi sún mọ́ ọn dáadáa, n kò mọ àwọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún Màmá pé n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí pé kí ni ẹ̀yin óò ṣe. Mo ní ẹ óò jẹ́ kó lọ ni. A jẹ́ kó lọ. Nígbà tó ku omi nìkan, Màmá dìde, wọ́n lọ gbé ẹ̀wà kaná.

N kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹ ò lè dáhùn, n kò sì fẹ́ fi ẹnu yín dá ara mi lóhùn. Ó rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri ni. Ojú yín ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà, Bàbá mi. Èmi ni n kò dìde.

Tìfẹ́tìfẹ́ àti tàárẹ̀tàárẹ̀ ni mo fi kọ ọ́,
Ọmọ yín obìnrin.